Ìnípọn ni, Kì í Ṣe Fífẹ̀: Èrò Lórí Wíwọn Àwọn Ìpele Arọ̀gbà Nínú Àwòrán

Ọ̀pọ̀ nínú àwa tí a ń ṣẹ̀dá ọ̀rọ̀ fún ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì ní èdè Yorùbá ni ó gbà pé inú ìwé atúmọ̀ èdè Gẹ̀ẹ́sì ni iṣẹ́ náà ti ń bẹ̀rẹ̀. A ó wo ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì, a ó wá ọ̀rọ̀ Yorùbá tí ó sún mọ́ ọn jù lọ, a ó so wọ́n pọ̀, a ó sì kọjá sí orí òmíràn. Ohun tí mo fẹ́ sọ nínú àpilẹ̀kọ yìí ni pé ọ̀nà náà kò dára tó, pàápàá jù lọ níbi tí ọ̀rọ̀ bá ti kan ìwọ̀n. Bí a kò bá tíì mọ ohun tí ọwọ́ ẹni tí ń wọn nǹkan ń ṣe, a kò lè mọ orúkọ tí ó yẹ ohun tí ó ń wọ̀n. Àpẹẹrẹ tí n ó lò ni wíwọn àwọn òrùka inú igi nípa lílo ètò kọ̀ǹpútà tí ń túpalẹ̀ àwòrán. Mo mọ̀ pé iṣẹ́ onímọ̀ igi ni èyí, kì í ṣe ti onímọ̀ èdè; ṣùgbọ́n àwa ni wọ́n ń bi léèrè ohun tí wọn ó máa pè é.

Bí a bá fi ayùn gé ìtì igi tíìkì ní ìbú, tí a sì fi sáńpépà ha ojú rẹ̀ títí tí ó fi dán, a ó rí àwọn àmì róbótó tí wọ́n yí ara wọn ká láti àárín gbùngbùn títí dé abẹ́ èèpo. Ohun tí ó fà á kò ṣòro láti yé ènìyàn. Ní ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn, ewé tíìkì a máa wọ́ dànù, igi náà kì í sì í fi bẹ́ẹ̀ dàgbà. Nígbà tí òjò bá tún bẹ̀rẹ̀, igi tuntun tí ó kọ́kọ́ hù sí abẹ́ èèpo a máa ní àwọn ihò omi ńláńlá tí ojú lásán lè rí. Bí àsìkò òjò bá ti ń lọ sópin, ihò inú èyí tí ń hù yóò máa kéré sí i, igi náà yóò sì máa le sí i. Ibi tí líle ti ọdún yìí ti pàdé ihò ńláńlá ti ọdún tí ó tẹ̀ lé e ni ojú wa ń rí bí ìlà. Kì í ṣe gbogbo igi inú igbó wa ni ó rí báyìí o. Ọ̀pọ̀ ni kò ní àmì ọdún kankan tí ó hàn gbangba. Ṣùgbọ́n ti tíìkì dájú tó bẹ́ẹ̀ tí ó fi jẹ́ pé ní 1931, H. P. Berlage tẹ àkọsílẹ̀ kan jáde nípa tíìkì erékùṣù Java, èyí tí ó bẹ̀rẹ̀ láti 1514 títí dé 1929, ọdún kan tẹ̀ lé òmíràn.

Kíka àwọn òrùka nìkan kọ́ ni iṣẹ́. A. E. Douglass, onímọ̀ ìràwọ̀ ará Amẹ́ríkà tí ó bẹ̀rẹ̀ ìwádìí yìí ní Arizona ní 1904, ṣàkíyèsí pé ní ọdún tí ọ̀dá bá dá, ìpele tí igi ń fi kún ara rẹ̀ a máa fẹ́lẹ́; ní ọdún tí òjò bá pọ̀, a máa nípọn. Àwọn igi tí wọ́n jọ wà ní agbègbè kan a máa gbé bátànì kan náà sára, nítorí òjò kan náà ni ó rọ̀ sí wọn lórí. Nípa fífi bátànì ara igi kan wé ti òmíràn, a lè so igi tí ó ti kú tipẹ́ mọ́ èyí tí ó wà láàyè, kí a sì mọ ọdún tí wọ́n gé èkíní lulẹ̀. Ní 1929, ìtì igi kan tí iná ti jó, tí wọ́n hú jáde ní Show Low ní Arizona, ni ó so àkọsílẹ̀ àwọn igi àtijọ́ pọ̀ mọ́ ti ìgbà tí a mọ ọdún rẹ̀. Láti ìgbà náà ni a ti lè sọ ọdún tí wọ́n gé igi tí wọ́n fi kọ́ àwọn ilé ńlá tí ó wà ní Pueblo Bonito. Gbogbo èyí dúró lórí mímọ bí ìpele kọ̀ọ̀kan ti nípọn tó. Bí ìwọ̀n bá ṣìnà, bátànì ṣìnà. Bí bátànì bá sì ṣìnà, ọdún ni a ṣì sọ.

Wàyí o, kí ni kí a pe ohun tí wọ́n ń wọ̀n yìí? Àwọn onímọ̀ igi tí wọ́n ń kọ ìwé ní èdè Gẹ̀ẹ́sì a máa lo ọ̀rọ̀ tí a mọ̀ sí fífẹ̀. Àwọn oníṣègùn tí wọ́n ń wọn ìpele mẹ́ta tí ó wà lára ògiri iṣan ẹ̀jẹ̀ a máa lo èyí tí a mọ̀ sí nínípọn. Ohun kan náà ni àwọn méjèèjì ń wọ̀n. Ẹni tí ó bá ń ti inú Gẹ̀ẹ́sì bọ̀ yóò túmọ̀ ti èkíní sí fífẹ̀, yóò sì túmọ̀ ti èkejì sí ìnípọn, yóò sì rò pé òun ṣe olóòótọ́ sí ìwé méjèèjì. Ẹ jẹ́ kí a wo ohun tí Yorùbá fúnra rẹ̀ sọ.

(1) a. Pátákó yìí nípọn.
b. Aṣọ òkè náà nípọn.
d. Ògiri ilé àtijọ́ a máa nípọn.

(2) a. Ọ̀nà yìí fẹ̀.
b. Ẹní náà fẹ̀.
d. Òrùka yìí fẹ̀ jù fún ìka mi.

(3) a. Ẹ̀kọ náà ki.
b. Ọbẹ̀ náà ki.

Gbólóhùn (3) kò ní dá wa dúró pẹ́. Mo kàn mú un wá láti fi hàn pé Yorùbá ti ya ohun tí Gẹ̀ẹ́sì dà pọ̀ sọ́tọ̀: ohun tí ó ki kì í ṣe ohun tí ó nípọn, kò sì sí ọmọ Yorùbá tí yóò sọ pé pátákó ki. Nínú (1), nǹkan náà ní ojú méjì tí wọ́n kọ ẹ̀yìn sí ara wọn, ohun tí ó wà láàárín ojú kìíní àti ojú kejì ni ẹni tí ń sọ̀rọ̀ ń rò. Nínú (2a) àti (2b), bí ojú nǹkan ti tẹ́ lọ tó ni a ń wò. Ṣùgbọ́n gbólóhùn (2d) ni ọ̀rọ̀ wà. Ẹni tí ó sọ pé òrùka fẹ̀ jù kò sọ nǹkan kan nípa wúrà tàbí idẹ tí wọ́n fi rọ ọ́. Ihò inú rẹ̀ ni ó ń sọ, láti ẹ̀gbẹ́ kan bọ́ sí ẹ̀gbẹ́ kejì. Òrùka lè fẹ̀ kí ó má nípọn. Ó lè nípọn kí ó má fẹ̀.

Bí olùkọ́ bá wá sọ fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ pé, "Ẹ wọn fífẹ̀ òrùka kẹwàá," kí ni ẹni tí ó gbọ́ Yorùbá dáadáa yóò ṣe? Yóò fa ìlà láti ẹ̀gbẹ́ òrùka náà, yóò gba àárín gbùngbùn igi kọjá, yóò sì dé ẹ̀gbẹ́ kejì. Bí òrùka náà bá jẹ́ èyí tí etí rẹ̀ jìnnà sí àárín ní mìlímítà 20, yóò kọ mìlímítà 40 sílẹ̀, nígbà tí ó jẹ́ pé mìlímítà 2 ni olùkọ́ ń retí. Akẹ́kọ̀ọ́ tí yóò gbà á ni èyí tí ó ti ka ìwé Gẹ̀ẹ́sì tẹ́lẹ̀, tí ó tú ọ̀rọ̀ olùkọ́ padà sí Gẹ̀ẹ́sì nínú ọkàn rẹ̀ kí ó tó fa ìlà. Èyí ni ó ń bí mi nínú nínú irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀: ó ń fìyà jẹ ẹni tí ó gbọ́ èdè, ó sì ń san èrè fún ẹni tí kò fi èdè náà ronú. Kí ni a wá ń ṣẹ̀dá ọ̀rọ̀ fún?

Àwọn kan yóò ní kí a lo ìbú dípò fífẹ̀. Èmi kò fara mọ́ ọn, fún ìdí méjì. Èkíní ni pé a ti sọ pé a gé igi náà ní ìbú, kò sì dára kí a tún fi ọ̀rọ̀ kan náà pe ohun tí a ń wọ̀n lójú ibi tí a gé. Èkejì jẹ́ ti ìwé kíkọ. Gbogbo wa ni a mọ bí àmì ohùn ti ń sọnù nínú ìwé ìròyìn àti nínú ìwé ilé-ẹ̀kọ́. Bí àmì bá ti lè kúrò, ìbú aṣọ àti ibú omi di ọ̀kan náà lójú ẹni tí ń kà á. Nínú ìtàn àròsọ, òǹkàwé yóò fi òye gbé e. Nínú ìwé ìwọ̀n, òye lè ṣi ọ̀nà gbà. Nítorí náà, ìnípọn ni mo dúró lé, fún igi àti fún iṣan ẹ̀jẹ̀ bákan náà.

Ọ̀rọ̀ kejì tí ó gba àròjinlẹ̀ ni orúkọ ohun tí ó nípọn náà. Òrùka dára fún kíka ọdún, n kò sì ní kí a gbà á lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Ṣùgbọ́n nígbà tí ó bá di wíwọ̀n, òrùka ń tan ojú jẹ, nítorí ohun tí ojú kọ́kọ́ rí ni ìlà dúdú, akẹ́kọ̀ọ́ a sì máa rò pé ìlà náà ni òrùka. Ẹ rántí odi àwọn ìlú wa àtijọ́. Ọ̀yọ́ Ilé ní ju odi kan lọ, Ilé-Ifẹ̀ náà sì ní tirẹ̀. Bí ẹnì kan bá béèrè bí odi ti nípọn tó, amọ̀ tí a mọ ni ó ń béèrè. Bí ó bá sì béèrè bí odi kìíní ti jìnnà sí èkejì tó, ilẹ̀ tí ó wà láàárín wọn ni ó ń béèrè. Nínú igi, ilẹ̀ àárín odi ni a fẹ́ wọ̀n. Ìlà tí a ń rí kàn jẹ́ ààlà. Ó yẹ kí a fún wọn ní orúkọ méjì.

Ìpele ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ń lò fún ohun tí ó wà láàárín ààlà méjì. Kò burú, ṣùgbọ́n ẹrù tí ó wà lórí ìpele ti pọ̀ jù: a ní ìpele ẹ̀kọ́, ìpele ìjọba, ìpele iṣẹ́. Yàtọ̀ sí èyí, nǹkan tí a tò lé orí ara wọn, bí ẹni ń to aṣọ sínú àpótí, ni ó kọ́kọ́ ń wá sọ́kàn bí a bá gbọ́ ìpele. Inú igi kò rí bẹ́ẹ̀. Ìpele ọdún yìí kò gun orí ti èṣí. Ó yí i ká pátápátá ni. Bí èrò bá sì yí ènìyàn ká tí wọn kò fi àyè kankan sílẹ̀, Yorùbá a máa ní wọ́n rọ̀gbà yí i ká. Ibẹ̀ ni mo ti mú ìpele arọ̀gbà jáde. Mo yàn án ju àyíká lọ, nítorí pé àwọn tí ń sọ̀rọ̀ nípa ilẹ̀, omi àti afẹ́fẹ́ ti gba àyíká mọ́wọ́. Mo sì yàn án ju ọ̀rọ̀ èyíkéyìí tí yóò sọ pé àwọn ìpele náà ní àárín kan ṣoṣo lọ, nítorí pé nínú igi gidi, wọn kì í sábà ní in. Igi tí ó bá dúró sí ẹ̀gbẹ́ òkè tí ó sì fì sápá kan a máa nípọn ní ẹ̀gbẹ́ kan ju èkejì lọ. Nínú igi bíi páìnì, ẹ̀gbẹ́ ìsàlẹ̀ ni ó máa ń nípọn jù. Nínú àwọn igi eléwé gbàǹgbà, ẹ̀gbẹ́ òkè ni ó sábà máa ń jẹ́. Àárín igi bẹ́ẹ̀ kò sí láàárín.

Nísinsìnyí, ẹ jẹ́ kí a tẹ̀ lé ọwọ́ ẹni tí ń ṣiṣẹ́. Ètò kọ̀ǹpútà tí mo fi ń ṣe àpẹẹrẹ ni ImageJ, èyí tí Wayne Rasband kọ ní National Institutes of Health ti Amẹ́ríkà, tí ó jáde ní 1997. Ọ̀fẹ́ ni, ẹnikẹ́ni ni ó sì lè lò ó. (Mo ń pè é ní ètò kọ̀ǹpútà. Àwọn kan ń pe irú nǹkan báyìí ní àìrídìmú. Ṣùgbọ́n afẹ́fẹ́ pàápàá kò ṣeé rí dì mú, a kò sì lè fi í wọn igi.) A ó fi ẹ̀rọ ya àwòrán ojú igi tí a ti ha, pẹ̀lú rúlà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Àwòrán náà kì í ṣe nǹkan kan ju àkójọ àwọn igun mẹ́rin wẹ́wẹ́ lọ, tí mo ń pè ní ẹyọ-àwòrán. Ẹyọ ni kọ̀ǹpútà ń kà. Kò mọ mìlímítà. A ní láti fa ìlà lórí rúlà inú àwòrán náà, kí a sì sọ fún un pé ẹyọ báyìí-báyìí ni ó wà nínú mìlímítà kan.

Ìgbésẹ̀ yìí ni mo fẹ́ kí a pè ní fífi òṣùwọ̀n lélẹ̀, kí a má sì ṣe pè é ní ìwọ̀n. Ẹnikẹ́ni tí ó bá ti ra gàrí lọ́jà mọ ìyàtọ̀ tí ó wà níbẹ̀. Kóńgò ni òṣùwọ̀n. Kóńgò márùn-ún ni ìwọ̀n. Oníbàárà a máa wo ìdí kóńgò kí ó tó jẹ́ kí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í ká a fún òun, nítorí bí wọ́n bá ti tẹ ìdí rẹ̀ wọnú, kíkà kò lè tún un ṣe mọ́. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni ó rí nínú àwòrán. Bí ẹ̀rọ bá ka ẹyọ 1200 nínú íǹṣì kan, ẹyọ kọ̀ọ̀kan jẹ́ nǹkan bí mìlímítà 0.021, ìpele tí ó nípọn ní mìlímítà 2 yóò sì ní nǹkan bí ẹyọ 94. Bí ó bá jẹ́ 300 ni ẹ̀rọ ka, ẹyọ kan di nǹkan bí mìlímítà 0.085, ìpele fẹ́lẹ́ tí ọ̀dá mú wá, tí kò ju mìlímítà 0.2 lọ, kò sì ní ní ju ẹyọ méjì àti díẹ̀ lọ. Kóńgò náà ti tóbi ju gàrí lọ.

Lẹ́yìn èyí ni a ó fa ìlà tí yóò gba inú àwọn ìpele kọjá. Ètò náà yóò ka bí ẹyọ kọ̀ọ̀kan lójú ìlà náà ti dúdú tàbí funfun tó, láti 0 tí ó jẹ́ dúdú pátápátá dé 255 tí ó jẹ́ funfun, yóò sì yà á bí òkè àti àfonífojì. Ibi tí ó bá ti ré lulẹ̀ lójijì tàbí tí ó ga lójijì ni a ó wá ààlà sí. Ọ̀rọ̀ tí ó ṣe pàtàkì jù ni ibi tí ìlà náà gbà. Bí ó bá fì sẹ́gbẹ̀ẹ́ ní dígírì 30, ìpele tí ó nípọn ní mìlímítà 2 yóò di èyí tí ó lé ní 2.3 lórí ìwé. Kò sí ẹni tí ó purọ́. Kọ̀ǹpútà kà á bí ó ti yẹ, ìlà ni kò gba ibi tí ó yẹ. Ìwé Gẹ̀ẹ́sì yóò sọ níhìn-ín pé kí ìlà dúró ṣánṣán sí ààlà, yóò sì di dandan kí olùkọ́ kọ́kọ́ ṣàlàyé irú igun tí ó ń sọ. Yorùbá ti ní ọ̀rọ̀ tí ó kúrú ju èyí lọ. Ọ̀nà tí ó yá jù láti ibì kan dé ibòmíràn ni àbùjá. Nítorí náà: ìnípọn ìpele arọ̀gbà ní ojú kan ni gígùn àbùjá láti ojú náà lórí ààlà òde dé ààlà inú. Ọmọ tí ó ti gba àárín oko kọjá kí ó má baà pẹ́ dé ilé-ẹ̀kọ́ kò nílò àlàyé mìíràn. (Òwe sọ pé kò sí àbùjá lọ́rùn ọ̀pẹ, lójú ìtì igi tí a gé, ó wà.)

Nígbà tí ìpele kò bá dọ́gba yí ká, àbùjá kan kò tó. A lè fa mẹ́rin tàbí mẹ́jọ, kí a pín àpapọ̀ wọn. Ọ̀nà mìíràn wà tí ó wù mí nítorí pé kò nílò àárín rárá: kí a ní kí ètò náà sọ bí ilẹ̀ tí ààlà òde yí ká ti tóbi tó, kí ó sì ṣe bákan náà fún ààlà inú. Bí ti òde bá jẹ́ mìlímítà 1256.6 níbùú-lóòró, tí ti inú sì jẹ́ 1017.9, a ó fi 3.1416 pín ọ̀kọ̀ọ̀kan, a ó wá nọ́ńbà tí a lè fi ara rẹ̀ sọ di púpọ̀ láti rí ohun tí ó kù, a ó sì rí 20 àti 18. Ìyàtọ̀ wọn, 2, ni ìnípọn tí ó dúró fún gbogbo ìpele náà. Ẹ ṣe àkíyèsí pé ìnípọn yìí kì í ṣe ti ojú kan pàtó, ó sì yẹ kí orúkọ rẹ̀ sọ bẹ́ẹ̀. Mo ń pè é ní ìnípọn àpapọ̀, mo sì ń pe ti àkọ́kọ́ ní ìnípọn ojúkan. Ẹni tí ó bá kọ ìnípọn lásán sínú tábìlì rẹ̀ láì sọ èyí tí ó jẹ́ kò tíì sọ ohun tí ó wọ̀n.

Mo ti gbọ́ ọ tí àwọn ọ̀rẹ́ ní ẹ̀ka sáyẹ́ǹsì ń sọ pé gbogbo èyí kò tó nǹkan, pé kí a yá ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì lò kí iṣẹ́ lè yá. Mo gbà pẹ̀lú wọn nípa mìlímítà, dígírì àti kọ̀ǹpútà. N kò ní bá ẹnikẹ́ni jà lórí wọn. Ṣùgbọ́n nípọn, fẹ̀, ki, ààlà àti àbùjá kì í ṣe ohun tí a ń wá kiri. Wọ́n ti wà lẹ́nu ọmọdé kí ó tó mọ ọ̀nà ilé-ẹ̀kọ́. Ètò ọlọ́dún mẹ́fà ti Ifẹ̀, tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fáfúnwá ṣe aṣáájú rẹ̀, tí ó bẹ̀rẹ̀ ní 1970, ti fi hàn pé a lè fi Yorùbá kọ́ ọmọ ní sáyẹ́ǹsì ní gbogbo ọdún mẹ́fẹ̀ẹ̀fà ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Èdè-Ìperí Yorùbá tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Ayọ̀ Bámgbóṣé ṣe olóòtú rẹ̀ sì ti fún àwa onímọ̀ èdè àti lítíréṣọ̀ ní ọ̀rọ̀ tí a fi ń ṣiṣẹ́ títí di òní. A jẹ àwọn ẹlẹ́gbẹ́ wa tí wọ́n wà ní yàrá ìwádìí ní gbèsè irú rẹ̀.

Ó ku ọ̀rọ̀ kan tí n kò tíì rí ojútùú rẹ̀ tán. Ní ìhà gúúsù ilẹ̀ Yorùbá, òjò a máa dáwọ́ dúró díẹ̀ láàárín oṣù keje sí ìkẹjọ, kí àrọ̀kúrò tó dé. Bí ìdáwọ́dúró náà bá le, igi lè ṣe bí ẹni pé ẹ̀ẹ̀rùn ti dé, kí ó fa ìlà kan, kí ó sì tún bẹ̀rẹ̀ sí í dàgbà. Ọdún kan yóò wá ní ìlà méjì. Ìwé Gẹ̀ẹ́sì ń pe ìlà àkọ́kọ́ yìí ní ohun tí a lè túmọ̀ sí òrùka èké, mo sì ti rí i tí àwọn ògbufọ̀ ń kọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Igi kò ṣèké. Òjò dá, ó sì kọ ọ́ sílẹ̀ pé òjò dá. Àwa tí a kà á sí ọdún kan ni a ṣì í kà. Ojú ẹni tí ó mọ̀ ọ́n wò a máa rí ìyàtọ̀, nítorí pé ìlà bẹ́ẹ̀ kì í ré lójijì bí ààlà ọdún. Ó máa ń ṣókùnkùn díẹ̀díẹ̀, á sì tún mọ́lẹ̀ díẹ̀díẹ̀, ètò kọ̀ǹpútà pàápàá sì lè fi hàn bí a bá yẹ òkè àti àfonífojì rẹ̀ wò fínnífínní. Ìlà àárín-ọdún ni mo ń pè é fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi báyìí. Bí ẹnikẹ́ni nínú àwọn òǹkàwé bá mọ ohun tí àwọn agégẹdú ní agbègbè rẹ̀ ń pè é, kí ó jọ̀wọ́ kọ̀wé sí olóòtú.